Ọkọ̀ Tó Ń Kànlẹ̀kùn Láti Inú

Àpá etí kan wà lára gíláàsì ọkọ̀ náà, lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Láti inú ni àpá náà wà. Ó hàn kedere, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ etí mọ́ ògiri láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì. Ìyá Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nù ún títí gíláàsì fi ń dán, ó sì ti ilẹ̀kùn náà padà.

"Ó yá, máa wò ó," ni ó sọ.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ń wò ó. Kò pẹ́, gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sí i lára, àpá etí náà sì padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ọkọ̀.

Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá wa, ẹ̀rù ń bà mí o."

"Máa bẹ̀rù lọ," ni ìyá náà dáhùn, "ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ máa ṣiṣẹ́."

Ẹsẹ̀-ò-gbélé kì í ṣe ọmọdé mọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, òòlù sì ti pa etí ọ̀tún rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mẹkáníìkì alárìnkiri ni: ìlú tí ọkọ̀ bá ti bàjẹ́ ni ìlú rẹ̀, ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú u ni ilé rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nínú gáréèjì yìí gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nígbà tó gbòmìnira tán tí kò lè dúró síbì kan ju àkókò tí omi tíì fi ń hó lọ. Ojú ọ̀nà ló ti gbọ́ pé Ọ̀gá kú. Ojú ọ̀nà náà ló ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe ìyàwó Ọ̀gá, Ìyá Ọ̀gá yìí kan náà. Ti àkọ́kọ́ bà á nínú jẹ́. Ti èkejì ló mú un yà wá.

Ìyá Onítíì ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá kú, òjò ń rọ̀. Ọkọ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Ó ní ìró kan ń dún lábẹ́ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti tẹ iná mọ́ ọn, ìró á dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé ife tíì kan lọ bá a. Ó mu ún dé ìdajì, ó ní kí obìnrin náà máa wọlé lọ nítorí òtútù. Nígbà tó padà wá gbé ife, epo ti tán nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ti kú fúnra rẹ̀, Ọ̀gá sì jókòó nídìí ọwọ́ ìdarí, ó fẹ̀gbẹ́ orí ti gíláàsì bí ẹni tó sùn. Ètè rẹ̀ pọ́n. Kò sí ojú ọgbẹ́ kan lára rẹ̀. Ife tíì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó parí nìyẹn. Bí ayé bá fẹ́ ba èèyàn jẹ́, ife tíì kan ti tó wọn í lò.

Láti ìgbà ìsìnkú ni wọ́n ti ti gáréèjì náà. Àbúrò olóògbé ló wá ṣí i, ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Káfíńtà nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi bátìrì tuntun sí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó da epo sí i, ó tan án, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kànlẹ̀kùn láti inú. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ládùúgbò nìyẹn: wọn ò ní ó ń dún, wọ́n ní ó ń kànlẹ̀kùn. Wọ́n pe mẹkáníìkì kan, wọ́n pe òmíràn. Èyí tó bá jókòó sínú rẹ̀ á ní orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun, á kó irinṣẹ́, á sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ láì wẹ̀yìn. Káfíńtà ní ẹjọ́ ti parí: ẹ̀gbọ́n òun ló ń pariwo ẹni tó pa á. Lọ́sàn-án òní ló máa mú Ìyá Àgbà wá, àbúrò bàbá wọn lóbìnrin, tó jẹ́ olórí ìdílé, kí òun náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Bí ọkọ̀ bá kànlẹ̀kùn lójú Ìyá Àgbà, kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Ọ̀gá á kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé tó ti darúgbó sí, orúkọ Ìyá Onítíì á sì bá a dé ibi tí kò ti sí orúkọ mọ́.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni ó bi Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Kò wojú rẹ̀ nígbà tó ń béèrè. "Ṣé o gbà pé mo pa á?"

"Ìyá wa, mi ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò kì í dájọ́ kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu ìyá náà. "Bí ọ̀gá rẹ ṣe máa dáhùn náà nìyẹn. Òun náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń tuni nínú."

Gáréèjì náà kò yàtọ̀ sí bó ṣe wà. Àwọn sípánà so kọ́ sára ògiri, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Táyà àtijọ́ tí Ọ̀gá fi ń ṣe àga wà ní kọ̀rọ̀. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni abọ́ ìfọwọ́ dojú dé sí, abọ́ funfun tí etí rẹ̀ ti ṣá. Ẹsẹ̀-ò-gbélé wò ó. Láyé ìgbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, bí iṣẹ́ bá parí, Ọ̀gá á fa sípánà gba ojú irin iwájú ọkọ̀ lọ, á dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, á bu omi sínú abọ́, á gbé e wá pẹ̀lú ọṣẹ. Ọ̀gá á kọ́kọ́ fọwọ́, lẹ́yìn náà làwọn ọmọ iṣẹ́ á fọwọ́ nínú omi kan náà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ṣáájú ọ̀gá, bó ti wù kí epo pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó.

Ó ṣí ilẹ̀kùn irin gbàgà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ó na ọwọ́ láti ìta, ó tan ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó dún lábẹ́, irin lára irin: kò-kò. Ó sinmi. Kò-kò-kò.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Ọ̀gá sọ lábẹ́ ẹ̀mí, ó sì sún sẹ́yìn.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ó mú irin gígùn tó fi ń tú súkúrù, ó ki ẹnu rẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí rẹ̀, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ ọ. Etí lè kú, eegun kì í kú. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń mí bí ọmọ tó yó. Ó paná, ó tú bẹ́líìtì kúrò, ó tún tan án fún ìgbà díẹ̀: kò-kò. Kì í ṣe ohun tí bẹ́líìtì ń yí ló ń dún nìyẹn. Ó fi igi ti ẹ́ńjìnì sọ́tùn-ún sósì bóyá rọ́bà ìdí rẹ̀ ló ti gé: kò-kò-kò. Ó tẹ iná díẹ̀, ìró dákẹ́. Ó jọ̀wọ́ iná, ìró padà. Ọlọ́ṣà tó ń dákẹ́ bí ilé bá ń pariwo, tó ń rìn bí ilé bá sùn.

Ó paná, ó dá bẹ́líìtì padà, ó gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin, ó tún tan án, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Sàléńsà, ọ̀pá gígùn tí èéfín ẹ́ńjìnì ń gbà jáde, ni ó tọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Nígbà tó dé abẹ́ ìjókòó awakọ̀, ó rí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń dá ooru sàléńsà dúró kí ó má bàa jó ilẹ̀ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan ti bọ́. Ó ń gbọ̀n. Ó fi èkísà tó nípọn tẹ̀ ẹ́, gbogbo gáréèjì parọ́rọ́. Ó ká ọwọ́ kúrò, kò-kò. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́.

"Ọwọ́ bà á!" ni ó pariwo lábẹ́ níbẹ̀. "Ìyá wa, ẹ má kó ẹrù kankan o!"

Ó fi òjá irin dè é, ó fi sípánà fún un pinpin títí tí kò fi lè mira mọ́. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sí ìró. Ìyá Ọ̀gá jókòó sórí táyà àtijọ́, ó fọwọ́ bojú.

Bẹ́ẹ̀ ni Káfíńtà ṣe wọlé. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó mú agádágodo tuntun kan dání, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì so mọ́ ọn. Ó di Ìyá Àgbà mú lápá kejì. Ìyá náà tẹ̀ kọ́dọ́rọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́.

"Ó ti dákẹ́ o," ni Ìyá Ọ̀gá sọ, ó sáré dìde. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Àgbà. Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Páànù kan ló ń gbọ̀n lábẹ́."

"Ọkọ̀ tí wọ́n dè lẹ́nu, báwo ló ṣe máa sọ̀rọ̀?" ni Káfíńtà dáhùn. "Ìyàwó wa, ẹ sì gbọ́n o. Ẹ ti rí ẹni tó máa bá yín di òkú lẹ́nu."

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná," ni Ìyá Àgbà sọ. "Eegun mi ń dún ju ọkọ̀ yín lọ, kò sì sí ẹni tó pe mẹkáníìkì sí mi."

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára páànù náà gan-an, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà ìkẹyìn. Páànù dúró gbọn-in. Ó gbọ́ ọ nígbà náà, lókè orí rẹ̀, níbi tí kò sí irin kankan tó lè kan irin.

Kò-kò.

Ó sinmi.

Kò-kò-kò.

Kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ara rẹ̀ ti yí. Ó yí jáde lábẹ́ ọkọ̀ kíá bí ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n pè, ó bá ara rẹ̀ ní ìjókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ó ń mí helehele.

"Ẹ gbọ́ ọ!" Káfíńtà nawọ́ sí Ìyá Ọ̀gá. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín! Orúkọ ẹni tó pa á ló ń pè!"

"Kò pe orúkọ ẹnì kankan." Ohùn Ẹsẹ̀-ò-gbélé kò ròkè. Ara rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ké, ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kì í gbọ́ ohùn èèyàn. Sípánà ni Ọ̀gá fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú gáréèjì yìí, lára irin ọkọ̀. Bí ó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ní ká tan án. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní ká pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta, jáde kíá, ewu wà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, ara mi kò sì gbàgbé."

Bí ẹni pé ìró náà ń dúró kí ó sọ̀rọ̀ tán, ó tún dún. Kò-kò.

"Pa á," ni Ẹsẹ̀-ò-gbélé túmọ̀.

Kò-kò-kò.

"Jáde."

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́. "Ta ló ń sọ ọ́ fún?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn." Ó yíjú sí Ìyá Ọ̀gá. "Ìyá wa, lọ́jọ́ náà, ṣé gíláàsì ọkọ̀ wà nílẹ̀ ni àbí lókè?"

"Lókè. Gbogbo wọn. Ó ní ariwo òjò lórí páànù ń dí òun létí, òun fẹ́ mọ̀ bóyá inú ni ìró yẹn wà àbí ìta. Ó tilẹ̀ ní kí n ti ilẹ̀kùn irin yẹn bí mo bá ń jáde."

"Ẹ̀yin lẹ tì í mọ́bẹ̀!" ni Káfíńtà sọ. "Ìyá Àgbà, ẹ ò gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ìwọ náà gbọ́ràn. Dákẹ́."

Ẹsẹ̀-ò-gbélé sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ irin. Kò paná. Ó wọ inú rẹ̀, ó jókòó síbi tí Ọ̀gá jókòó sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí gíláàsì sókè. Ìyá Ọ̀gá gbé ọwọ́ bí ẹni fẹ́ dá a dúró, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Àpá etí yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra fi etí rẹ̀, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn, lé orí àpá náà. Ó bá a mu rẹ́gí. Gíláàsì náà kò tutù. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn.

Ó ń tẹ́tí. Ìró náà jìnnà síbẹ̀, bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò. Ó ní kí òun tún gbọ́ ọ díẹ̀ sí i kí òun tó mọ ibi tó ti ń wá. Díẹ̀ sí i. Òtútù àti ooru parí, ìrora ẹ̀yìn parí. Oorun dídùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀, irú èyí tí kò sùn rí láti ìgbà tó ti ń rìn kiri. Ó ronú pé òun ti dé ilé. Ojú rẹ̀ ń pa dé.

Nígbà náà ni gbogbo ara ọkọ̀ dún. Òrùlé, ilẹ̀, ìjókòó, ọwọ́ ìdarí. Kò-kò-kò! Kò-kò-kò! Kò-kò-kò! Ilẹ̀kùn tó fi ara tì ṣí gbàgà láti ìta, Ẹsẹ̀-ò-gbélé sì ṣubú sórí ilẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Orí rẹ̀ ń fọ́ bí ẹni pé wọ́n ń lù ú mọ́ irin. Ó na ọwọ́ sókè, ó paná ọkọ̀.

"Ẹ ṣé," ni ó sọ nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ta ló ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Ìyá Ọ̀gá wà lẹ́bàá táyà, ó jìnnà. Ìyá Àgbà kò dìde. Káfíńtà ti fẹ̀yìn lọ lẹ̀ mọ́ ògiri láàárín àwọn sípánà, agádágodo rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan tó sún mọ́ ọ," ni Ìyá Àgbà sọ.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Ó tún wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń bá ikọ́ jà. "Mo ti mọ̀ ọ́n! Ọ̀gá, mo ti mọ̀ ọ́n! Ẹ fún mi ní èkísà àti epo ẹ́ńjìnì díẹ̀. Káfíńtà, ẹ fi ògiri yẹn sílẹ̀, kò ní wó. Ẹ wá wò ó. Ìdúró ni kí ẹ wò ó, ẹ má wọlé."

Ó ti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó yí gíláàsì sókè. Ó di èkísà mọ́ ẹnu sàléńsà lẹ́yìn, kí èéfín má lè gba ibẹ̀ jáde dáadáa. Ó na ọwọ́ wọlé, ó tan ọkọ̀, ó sáré lọ síwájú, ó kán epo ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́, nítorí epo tó bá jó níbẹ̀ máa ń sọ èéfín di ohun tí ojú lè rí.

Ojú wọn rí i. Kì í ṣe lẹ́yìn ọkọ̀ ló ti jáde. Inú ni. Láti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ awakọ̀ ni èéfín aláwọ̀ eérú náà ti ń yọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò pariwo, bí ọmọ ilé tó mọ ọ̀nà. Ó gun ìjókòó. Ó kó ara rẹ̀ jọ síbẹ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lójú gbogbo wọn, èéfín náà jókòó: èjìká rẹ̀ wà, orí rẹ̀ wà, ó sì fẹ̀gbẹ́ orí ti gíláàsì bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Ìyá Ọ̀gá pe orúkọ kan tí kò pè láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn yòókù sì ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé paná, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, èéfín náà sì tú ká. Ó gé kápẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ ọkọ̀ abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, ó lu bí asẹ́. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, lókè páànù tó dè, níbi tí ojú kò lè dé láti abẹ́, sàléńsà ti là.

"Páànù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nítorí pé sàléńsà là," ni ó sọ. "Ìró ni Ọ̀gá ń wá. Ó ti gíláàsì, ó ti ilẹ̀kùn irin, kí ó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó ń fi etí ṣọdẹ kì í rántí imú, imú ì bá má tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí èyí tó ń pani nínú èéfín ọkọ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Oorun ló fi ń múni. Oorun dídùn. Mo ti tọ́ ọ wò báyìí."

"Ètè rẹ̀ tó pọ́n ńkọ́?" Ohùn Káfíńtà ti kéré.

"Bó ṣe ń ṣe ètè nìyẹn. Orí tó ń fọ́ àwọn mẹkáníìkì yín, òun náà ni. Ẹ̀gbọ́n yín kò pariwo ẹni tó pa á. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń lé jáde, kí ó má bàa kú bí òun ṣe kú. Ẹ̀yin náà jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tan án, àbí ẹ ò jókòó?"

Káfíńtà fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó rántí. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó rántí.

Ìyá Ọ̀gá kò sunkún. Ó dúró ṣánṣán láàárín gáréèjì náà. "Ìdajì ife ló mu," ni ó sọ. "Láti ọjọ́ yẹn ni èmi fúnra mi ti ń bi ife náà léèrè. Mo ń rò ó pé bóyá omi ni, bóyá ewé tíì ti pẹ́ jù, bóyá ọwọ́ mi ni. Mi ò mu tíì mọ́. Ẹ̀yin ń sọ ọ́ níta, èmi ń sọ ọ́ nínú."

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Káfíńtà, kúnlẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó kúnlẹ̀, tòun taṣọ funfun, sínú epo dúdú. "Ẹ dárí jì mí. Mo ṣì yín gbọ́. Mo ṣi òun náà gbọ́."

"Agádágodo rẹ ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Gbé e. Ẹnu rẹ ni kí o fi tì. Ṣùgbọ́n kí o tó tì í, ẹnu yẹn náà tó pè é ní Ìyá Onítíì ládùúgbò, òun ni kí o gbé jáde lọ fi tú orúkọ náà kúrò lára rẹ̀ nísinsìnyí, láti ojúlé dé ojúlé. Kí o pariwo ju bí o ṣe pariwo tẹ́lẹ̀ lọ."

Ó lọ. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ òpópónà. Nígbà tó fi padà, ohùn rẹ̀ ti ha, Ẹsẹ̀-ò-gbélé sì ti sọ sàléńsà kalẹ̀. Káfíńtà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láìsọ̀rọ̀, ó bá a di irin mú nígbà tó ń jó o pọ̀. Ọwọ́ tó mọ igi ni, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Wọ́n lẹ irin tuntun mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n gbé sàléńsà padà, wọ́n fún gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹsẹ̀-ò-gbélé tún di èkísà mọ́ ẹnu sàléńsà, ó tún kán epo sí ẹ́ńjìnì. Inú ọkọ̀ mọ́ kedere. Ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n tẹ́tí, wọ́n tún tẹ́tí. Kò sí ìró. Ó yọ èkísà.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀ fún mi," ni Ìyá Ọ̀gá sọ.

Ó jókòó sídìí ọwọ́ ìdarí fúnra rẹ̀. Ó yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀. Ó wa ọkọ̀ náà jáde sí ojú òpópónà, ó rọra ń lọ bí ìyàwó tuntun, àwọn tó ń pè é ní Ìyá Onítíì sì jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó fọn fèrè ọkọ̀ fún ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ó dé òpin òpópónà, ó dúró síbẹ̀ tẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́ pé kò sí ohun tó ń kànlẹ̀kùn, ó yí padà, ó tún fọn ọ́n. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, òmíràn gbà á. Ìyá Àgbà jókòó sórí táyà Ọ̀gá, ó ń rẹ́rìn-ín láìní eyín.

Ìyá Ọ̀gá wa ọkọ̀ padà sínú gáréèjì, ó paná, ó bọ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo sípánà ti wà lára ògiri. Ibi tí wọ́n ti ń kí ara wọn kú iṣẹ́ ni wọ́n wà, tí ó dún níwájú ọkọ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà la ẹnu, ó sì rántí agádágodo, ó pa á dé.

Ìyá Ọ̀gá kò wo ẹnì kankan. Ó ṣí abọ́ funfun tó dojú dé, ó wọ inú ilé lọ, wọ́n gbọ́ bí omi ṣe ń sáré láti ẹnu ẹ̀rọ. Ó gbé e wá pẹ̀lú ọṣẹ, omi tútù, omi mímọ́ gaara, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, níbi tó máa ń gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni ó sún sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń dúró.

Wọ́n jọ ń wò ó. Omi náà mì. Ọṣẹ yí nínú àwo rẹ̀. Epo dúdú kan yọ láàárín omi bí òdòdó, ó tàn dé etí abọ́, omi náà sì dọ̀tí díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi rí ìdí abọ́ mọ́. Gíláàsì ọkọ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí àpá kankan lára rẹ̀.

Ọwọ́ Ẹsẹ̀-ò-gbélé ṣì dúdú láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dúró títí omi fi dákẹ́. Ó tún dúró díẹ̀ sí i, nítorí Ọ̀gá kò fẹ́ràn ẹni tó ń kánjú. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá abọ́, ó mú ọṣẹ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi dúdú náà.

Omi náà lọ́wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá," ni ó sọ, ó sì fọwọ́.